Kọ́kọ́rọ́ Tó Sùn Síta

"Àgádágodo tí ẹ̀ ń wò yìí," ni Ọ̀gá Eléyín wí, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, ó sì fi ọwọ́ kejì gbé àgádágodo náà sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ, "a ò tíì bí ẹni tó máa ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo pariwo ẹ̀! A ò tíì bí i, ìyá ẹ̀ ò sì tíì lóyún ẹ̀! Kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún rèé lọ́rùn obìnrin yìí. Ẹ̀yin ọlọ́pàá, kí ló kù tí ẹ tún ń wá? Ẹ mú un lọ, kí n ráyè ṣiṣẹ́ mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di gbólóhùn yẹn mú dáadáa. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bọ́. Torí kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ẹni tó sọ ọ́ yóò fẹ́ kó o padà sẹ́nu, ẹnu ọ̀hún kò sì ní gbà á.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe eyín àtọwọ́dá ni. Yàrá mẹ́ta péré. Iwájú ni àga gíga wà, níbi tí wọ́n ti ń gba àwòṣe ẹnu oníbàárà. Àárín ni wọ́n ti ń po ẹfun, tí wọ́n ti ń se rọ́bà aláwọ̀ erìgì, tí ẹ̀rọ ìrẹ́yín sì máa ń ké yìììn títí etí á fi di. Ẹ̀yìn pátápátá ni sítóò: ilẹ̀kùn tó nípọn, kò sí fèrèsé, pẹpẹ kan kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Orí pẹpẹ yẹn ni wọ́n ń to eyín tó bá ti parí sí, bí ẹní to ẹ̀rín àwọn èèyàn tí kò sí níbẹ̀ kalẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ẹ̀rín kan dín.

Eyín Bàbá Akọrin ni. Tòkè tìsàlẹ̀, odindi ẹnu kan, pẹ̀lú èjí tínrín níwájú, torí bàbá náà ní èjí nígbà èwe, ó sì ti búra pé òun ò ní kọrin níwájú èèyàn mọ́ láìsí èjí òun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló fẹ́ padà sórí ìtàgé. Ó ti dé láti gba eyín rẹ̀. Ó jókòó lórí àga gíga, fìlà lórí itan, ètè méjèèjì wọ inú bí àpò tí wọ́n fa okùn ẹ̀. Látìgbà tó ti dé, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan.

Ìyá Sítóò ló ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, tó rí àyè tó ṣófo, tó sì kígbe. Opó ni. Ibí yìí ló ti ń ṣiṣẹ́ tó fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà. Kọ́kọ́rọ́ sítóò kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó fi okùn dúdú so ó bí ẹni so ọmọ mọ́yà. Bí ọlọ́pàá bá mú un gba àárín àwọn ará àdúgbò tí Ọ̀gá ti pè wá wòran síta kọjá lónìí, bí wọ́n tiẹ̀ dá a sílẹ̀ lọ́la, ta ló tún máa fún un ní kọ́kọ́rọ́ ohunkóhun láyé yìí?

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá kúrú, bàtà rẹ̀ pẹlẹbẹ, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára àgádágodo yẹn láti ìgbà tó ti wọlé. Àǹtí Kílódé ni gbogbo àgọ́ ń pè é, torí bó bá sọ ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀kan nínú ẹ̀ á jẹ́ "kí ló dé?" Sájẹ́ǹtì ló tẹ̀ lé e: ọkùnrin gíga tí ikùn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bo ẹnu, Ọ̀gá?"

"Eruku ẹfun, mà. Ó ń mú mi húkọ́." Ó húkọ́ díẹ̀, kó lè dá wọn lójú.

Àǹtí Kílódé yíjú sí Ìyá Sítóò. "Ìyá, kí lẹ rí sí i?"

"Mi ò jí nǹkan kan. Mi ò sì ní sunkún, mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ wádìí ẹ̀. Ibí yìí ni mo dúró sí."

"Èmi náà, ibí yìí ni mo dúró sí. Mi ò ní lọ àfi tí àgádágodo yìí bá sọ ohun tó mọ̀."

Sájẹ́ǹtì ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mà, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Mo ti já a."

"Ẹ ti já kí ni?"

"Gbogbo ẹ̀! Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Tí wọ́n bá ti ṣí sítóò láàárọ̀, wọ́n á fi àgádágodo kọ́ ara ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, kọ́kọ́rọ́ á padà sọ́rùn. Olè á wá, á mú àgádágodo yẹn, á fi tiẹ̀ tó jọ ọ́ rọ́pò. Nírọ̀lẹ́, Ìyá á kàn tẹ̀ ẹ́ pa, kí ló kàn án pé àgádágodo ta ni? Tí wọ́n bá lọ sílé tán, olè á fi kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀ ṣí tiẹ̀, á kó ẹrù, á dá ti Ìyá padà síbẹ̀. Ilẹ̀ á mọ́, gbogbo nǹkan á bára mu!" Ó tẹrí ba bí òṣèré tó parí eré. Ọ̀gá Eléyín pàtẹ́wọ́ fún un.

"Ó dùn," ni Àǹtí Kílódé wí. "Ó dùn gan-an. Ìyá, ẹ ṣí i ká rí i."

Ìyá Sítóò fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ó yí i. Irin tó tẹ̀ kọrọdọ tó jẹ́ ọrùn àgádágodo náà fò sókè, *pá!*

"Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò."

"Kì í yọ, mà."

"Kí ni kì í yọ!" Sájẹ́ǹtì já àgádágodo gbà. Ó fa kọ́kọ́rọ́. Ó tún fa. Ó fi ẹsẹ̀ kan ti ògiri, ó fà á títí òógùn fi bo iwájú orí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kò mira.

"Ẹ rọra, Sájẹ́ǹtì, kì í ṣe eyín," ni Àǹtí Kílódé wí. Ó gba àgádágodo náà. "Irú èyí kì í fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sílẹ̀ tó bá wà ní ṣíṣí. Nígbà tí irin ọrùn ẹ̀ bá wà lókè, kọ́kọ́rọ́ ò lè padà dúró gangan bó ṣe wọlé, tí kò bá sì dúró gangan, kò lè jáde. Àfi tí ẹ bá tẹ irin yìí wọlé, kẹ́ ẹ yí kọ́kọ́rọ́ padà, kẹ́ ẹ tì í pa. Ẹni tó bá gbàgbé àtiti ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣe é fún. Ìyá, ibo lẹ máa ń gbé e sí lójú ọ̀sán?"

"Orí tábìlì mi, mà, òun àti kọ́kọ́rọ́ nínú ẹ̀. Tí mo bá fẹ́ dìde báyìí, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tilẹ̀kùn kí kọ́kọ́rọ́ tó lè bá mi lọ."

"Ṣé ẹ ti gbọ́, Sájẹ́ǹtì? Kò kọ́ ara ilẹ̀kùn rí. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ẹ̀."

"Mo kàn ń dán yín wò ni, mà."

Àǹtí Kílódé ti àgádágodo náà pa, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sì gbé e síbi iná. Nǹkan kan lẹ̀ mọ́ àárín eyín kọ́kọ́rọ́ náà, ó ki, ó ń yọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí erìgì ọmọ ọwọ́.

"Kí ló dé tí kọ́kọ́rọ́ yìí fi ní erìgì?"

Ìyá Sítóò yọjú wò ó. "Àgádágodo yẹn ṣàdédé ń há lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Mo kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sí i, ó sì rọ̀."

"Ohun tó ń há a, rọ́bà ni. Ẹnìkan ti fi rọ́bà ìdí eyín ṣe kọ́kọ́rọ́, ó sì ti kì í bọ ibí."

Àbúrò Ọ̀gá, tó ń po ẹfun láti àárọ̀, gbójú sókè lójijì. Ó jọ pé ó rí nǹkan pàtàkì kan lára àjà.

"Ìyá," ni Àǹtí Kílódé wí, "ẹni tó bá fẹ́ ya àwòṣe kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́dọ̀ rí i mú dání. Ṣé ó ti kúrò lọ́rùn yín rí?"

"Láé! Mo ń fi wẹ̀, mo ń fi sùn. Kò kúrò rí, àfi..." Ó rọra yíjú sí àga gíga tí Bàbá Akọrin jókòó lé. "Àfi orí àga yẹn."

Òfin ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá máa jókòó lórí àga náà gbọ́dọ̀ bọ́ gbogbo ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀ sórí tíréè, torí àmọ̀ rírọ̀ tí wọ́n fi ń gba àwòṣe ẹnu máa ń kán sílẹ̀, bó bá sì gan mọ́ nǹkan, kì í ṣí kúrò lára ẹ̀ mọ́ nìyẹn.

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá," ni Ìyá Sítóò wí, "Àbúrò bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kóun fi ẹnu mi kọ́ṣẹ́. Mo jókòó. Ó di àmọ̀ sí mi lẹ́nu bámúbámú. Mo ń gbọ́ tó ń ṣe nǹkan lórí tíréè. Mo ní, 'Họ̀n-họ̀n-họ̀n?' Ó ní, 'Ìyá, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ máa ba àwòṣe jẹ́.'"

Gbogbo ojú dà sí Àbúrò. Ó gbé ọpọ́n ẹfun kalẹ̀. Ó tẹ̀ ba. Láti inú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ló ti fa kọ́kọ́rọ́ kan yọ, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó rí wúruwùru, ó dà bí ahọ́n ológbò.

"Olè!" Ọ̀gá Eléyín fò sókè. Áńkáṣíìfù fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́, ó tètè tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu padà. "Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ni olè! Mo ti ń fura sí i tipẹ́!"

"Ìyá Sítóò lẹ ń fura sí lẹ́ẹ̀kan," ni Àǹtí Kílódé wí.

"Ìfura mi pọ̀, mà, ó kárí gbogbo wọn."

"Bísíkíìtì ni mo ń wá!" ni Àbúrò ké. "Ẹ̀gbọ́n mi máa ń kó bísíkíìtì àlejò pamọ́ sí sítóò. Àlejò á jẹ, ọ̀rẹ́ àlejò á jẹ, èmi ni wọn ò fún rí! Mo fi àmọ̀ ya kọ́kọ́rọ́, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò ṣí. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo dán an wò, kò ṣí!"

Sájẹ́ǹtì ti ń yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Olè wo ló máa ní ó ṣí?"

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ yẹn," ni Àǹtí Kílódé wí. Ó kì í bọ àgádágodo. Ó wọlé. Ó rọra yí i. Kò yí. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, àgádágodo náà ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Ẹ jẹ́ ká bi í ní ìdí."

Ó fi ojúlówó kọ́kọ́rọ́ ṣí i. Nínú ihò tí irin ọrùn rẹ̀ ń wọ̀, ìdè kékeré kan wà tí ojú kì í rí àfi tó bá wà ní ṣíṣí. Ó tú u. Ó ní kí Àbúrò gbé abọ́ funfun wá, kó sì mú irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú eyín dání wá. Lẹ́yìn náà ló fa ọ̀pá róbótó tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ jáde, òun àti kọ́kọ́rọ́ nínú rẹ̀. *Ṣùrù-ṣùrù-ṣùrù!* Àwọn sípíríǹgì fò síta bí tata. Ọ̀kan bọ́ sínú ife tíì tí wọ́n bù fún Sájẹ́ǹtì. Ọ̀kan bà lé fìlà Bàbá Akọrin. Bàbá náà wò ó, ó fi ìka ta á nù.

"Ẹ wá wò ó. Ihò wà lórí ọ̀pá yìí, wọ́n tò tẹ̀ léra. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, èèkàn irin méjì ló dúró léra wọn, sípíríǹgì ń tì wọ́n láti òkè. Bí kò bá sí kọ́kọ́rọ́, èèkàn òkè á wọ inú ọ̀pá díẹ̀, kò ní jẹ́ kó yí. Iṣẹ́ eyín kọ́kọ́rọ́ ni kó gbé wọn sókè débi tí ìpààlà méjèèjì fi bá ojú ọ̀pá dọ́gba. Bó bá ga jù, kò yí. Bó bá lọ sílẹ̀ jù, kò yí. Ẹ wo ojúlówó: orí gbogbo èèkàn tẹ́ rẹrẹ. Ẹ wá wo ti rọ́bà." Ó pààrọ̀ wọn. Àwọn èèkàn náà rì sínú ihò wọn. "Wọ́n rì. Kí ló dé?"

"Rọ́bà máa ń sún kì tó bá ti jiná," ni Àbúrò fi ohùn kékeré dáhùn.

"Ìwọ tó mọ̀ pé ó ń sún kì, kí ló dé tó o fi rọ́bà ṣe é?"

"Ebi ni, mà."

Sájẹ́ǹtì rọra dá ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ padà sápò. Ọ̀gá Eléyín tún fò sókè. "Ó tán! Bí ti rọ́bà ò bá ṣí i, tọrùn ìyá yìí ló ṣí i. Ṣebí mo sọ ọ́! Ẹ mú un lọ!"

Ìyá Sítóò gbé orí sókè. Ó di okùn ọrùn rẹ̀ mú. "Ọ̀gá, ọrùn mi yìí, ẹrù tẹ́ ẹ̀ ń dì lé e ti ń pọ̀ jù."

"Ó ku kọ́kọ́rọ́ kan," ni Àǹtí Kílódé wí.

"Èwo tún nìyẹn?"

"Wọn kì í ta àgádágodo tuntun pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. Ìkejì dà?"

Ọ̀gá Eléyín fẹ̀ bí pẹ́pẹ́yẹ tó rí omi. "Háà! Ẹ̀yin rò pé èmi ò lọ́gbọ́n? Ọjọ́ tí mo ra àgádágodo, ọjọ́ yẹn náà ni mo fi ìkejì kọ́ ìṣó nínú sítóò, mo sì ti sítóò pa! Ta ló máa jí kọ́kọ́rọ́ sítóò nínú sítóò tó wà ní títì? Ó ń bẹ níbẹ̀ báyìí. Kò tíì wọ inú àgádágodo rí láyé ẹ̀!"

Sájẹ́ǹtì wọlé lọ wò. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó jáde, ó fi okùn gbé kọ́kọ́rọ́ dání lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé agolo bísíkíìtì dání lọ́wọ́ òsì, ẹnu rẹ̀ sì ń ró wàràwàrà.

"Sájẹ́ǹtì!"

"Ẹ̀rí ni mò ń yẹ̀ wò, mà." Ó na agolo sí wọn. Àbúrò mú méjì, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ mú."

"Rárá," ni Ọ̀gá Eléyín wí láti ẹ̀yìn áńkáṣíìfù. "Mo... mò ń gbààwẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin?" ni Ìyá Sítóò wí. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fọ́ eegun níwájú oníbàárà?"

Àǹtí Kílódé kò dá sí wọn. Ó ti gbé kọ́kọ́rọ́ kejì síbi iná, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ tí kò tíì wọ inú àgádágodo rí, kí ló dé tóun náà fi ní erìgì?"

Ọ̀gá Eléyín tẹ áńkáṣíìfù mọ́ ẹnu.

"Eruku ni!" ni Ọ̀gá wí. "Ilé iṣẹ́ yìí, eruku ni látòkè délẹ̀!"

"Eruku ọ̀hún mú òróró ẹ̀rọ ìránṣọ dání? Ó sì fo orí kọ́kọ́rọ́, ó fo okùn ẹ̀, àárín eyín nìkan ló bà sí?" Ó gbé kọ́kọ́rọ́ méjèèjì ti ara wọn. Ìdọ̀tí wọn jọra bí ìbejì. "Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni rọ́bà Àbúrò wọ inú àgádágodo. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ìyá kán òróró sí i. Nítorí náà, ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹnìkan fi kọ́kọ́rọ́ kejì yìí ṣí i. Ẹni tó ní ti àkọ́kọ́ lọ́rùn, kí ló fẹ́ fi ìkejì ṣe? Kì í ṣe Ìyá."

"Ṣùgbọ́n inú sítóò la ti bá a, mà," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Ẹni tó jalè lè fi kọ́ ìṣó padà kó tó jáde."

"Tó bá jẹ́ àgádágodo ti gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ ni. Á ṣí i, á yọ kọ́kọ́rọ́, á lọ fi kọ́ ìṣó, á jáde, á tẹ àgádágodo pa. Èyí ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ fi ẹsẹ̀ ti ògiri lẹ́ẹ̀kan."

Sájẹ́ǹtì dẹ́kun jíjẹ. "Kì í... kì í fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ àfi tí wọ́n bá tì í."

"Ìta ni wọ́n sì ti ń tì í! Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ yìí bọ́ lẹ́nu àgádágodo, ilẹ̀kùn ti wà ní títì, ẹni tó mú un dání ti wà níta. Ìta ni kọ́kọ́rọ́ yìí sùn lánàá. Òwúrọ̀ yìí ló padà sórí ìṣó. Ó dáa. Láti ìgbà tí Ìyá ti ṣílẹ̀kùn, kí Sájẹ́ǹtì tó wọlé, ta ló tẹ ilẹ̀ sítóò?"

"Kì í ṣe èmi," ni Ìyá Sítóò wí. "Ẹnu ọ̀nà ni mo ti kígbe."

Àbúrò gbé bísíkíìtì mì. "Ẹ̀gbọ́n mi ló fà wá sẹ́yìn. Wọ́n ní ká má wọlé, ká má ba ẹ̀rí jẹ́. Àwọn nìkan ló wọlé."

Àǹtí Kílódé súnmọ́ Ọ̀gá Eléyín. "Ọ̀gá, mo tún ń bi yín. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń bo ẹnu?"

"Mo ní eruku..."

"Ẹ̀rọ yín ò tíì ké látàárọ̀, omi ló sì wà nínú ẹfun tí Àbúrò ń pò."

Áńkáṣíìfù rọra sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, bí ó sì ti lanu, gbogbo wọn rí i: eyín tuntun tó ń kọ mànà, ó tóbi fún ẹnu náà, ó ń lu ara rẹ̀ kẹ́-kẹ́-kẹ́, àti níwájú gan-an, èjí tínrín.

"Ọ̀gá kò ní èjí!" ni Ìyá Sítóò kígbe.

"Ọ̀gá kò ní eyín," ni Àǹtí Kílódé wí.

Ọ̀gá yọ ọ́ sínú abọ́ funfun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wọlé, ó dàgbà lójú wọn lọ́gán. Ó ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ń fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí atẹ́gùn lára táyà. Eyín tiẹ̀, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé àtọwọ́dá ni, ló fọ́ sí méjì lọ́sàn-án àná, ìpàdé àwọn aṣeyín sì wà nírọ̀lẹ́, òun ni wọ́n fẹ́ kó dìde sọ̀rọ̀. Ó mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó nígbà tí sítóò wà ní ṣíṣí, nígbà tí Ìyá Sítóò sì lọ sílé, ó fi ṣí i, ó mú eyín. Ó fẹ́ dá eyín padà láàárọ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Sítóò tètè dé nítorí Bàbá Akọrin. Ó ráyè dá kọ́kọ́rọ́ padà. Eyín ńkọ́? Gbogbo wọn ló dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀!

"Nítorí ẹ̀rín," ni Ìyá Sítóò wí, "ẹ fẹ́ kí wọ́n tì mí mọ́lé."

Ọ̀gá wolẹ̀.

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, ẹ kó o fún mi. Kẹ́ ẹ sì jáde síta báyìí, kẹ́ ẹ sọ fún àwọn tẹ́ ẹ pè wá wòran pé èmi kọ́ ni olè."

"Láìsí eyín?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Ó jáde, ó sọ ọ́. Wọ́n ní kó tún un sọ, wọn ò gbọ́. Ó tún un sọ. Ìyá Sítóò so kọ́kọ́rọ́ méjèèjì mọ́ okùn dúdú, ó fi kọ́rùn, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọọrọ. Sájẹ́ǹtì kí i bí ẹni kí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Àbúrò pàtẹ́wọ́ títí bísíkíìtì fi dà lọ́wọ́ rẹ̀. Àǹtí Kílódé fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ funfun, ó gbé e lọ síwájú àga gíga bí ẹni gbé adé, gbogbo ilé sì na etí láti gbọ́ ohun tí Bàbá Akọrin máa sọ.

Bàbá náà wo eyín. Ó wo Ọ̀gá. Ó tún wo eyín.

"Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́."